Èsì: “amúpọlọtutù” fún kúlà kọ̀ǹpútà (“ú” yẹn kò níṣẹ́ níbẹ̀)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Àbúrò wa tó fi àwọn kúlà tí a ń rà lọ́tọ̀ fún pírósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó máa ń gbóná) wé ara wọn ṣe iṣẹ́ gidi. Ó ní dìgíríì díẹ̀ ni Noctua NH-D15 fi ń borí Thermalright Peerless Assassin 120 SE, bẹ́ẹ̀ owó èkejì kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Òótọ́ ni, n kò bá a jà lórí ìyẹn. Orúkọ ló kàn mí: “amúpọlọtutù” tó pe kúlà, àti “àtè” tó pe ìpara tí a ń fi sí abẹ́ rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ẹ jẹ́ ká mú “ú” yẹn ná. Ó wo amúlétutù, ó wo amúnáwá, ó rí “amú-” nínú méjèèjì, ó sì gé e lẹ̀ mọ́ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n “i” ilé àti “i” iná ló kú níbẹ̀, torí “i” kì í lágbára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni. A-mú-ohùn-mú-àwòrán di amóhùnmáwòrán. Ta ló pè é ní “amúhùnmúwòrán” rí? Ẹni tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ sá lọ, gbọ́mọgbọ́mọ ni, kì í ṣe “gbémọgbémọ”. Amọ́pọlọtutù ló yẹ kó jẹ́, bí a bá tiẹ̀ gbà á. Ẹ wá kọ ọ́ láìfàmìsí bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe lórí fóònù, kí ẹ wo iye ẹni tí yóò kà á sí ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ ti tutù látọjọ́ tó ti wà nínú àbàtà, kò béèrè fáànù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

“Tutù” gan-an ló dùn mí jù. Ohun tí à ń wí yìí kì í mú nǹkan tutù. Páìpù mẹ́fà ló wà lára NH-D15, omi ín-ìn-ín ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kúrò kí omi náà lè tètè hó. Níbi tó ti kan pírósẹ́sọ̀, omi á hó di ooru omi, á gòkè lọ bá àwọn páànù alumíníọ́mù pẹlẹbẹ, á sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ fún wọn, á padà di omi, á tọ ara páìpù sọ̀ kalẹ̀. Fáànù ló wá ń gba ẹrù yẹn lọ́wọ́ páànù. Bí yàrá bá wà ní 33°C, kò sí kúlà afẹ́fẹ́ tàbí kúlà olómi tí yóò sọ pírósẹ́sọ̀ di 30. Pírósẹ́sọ̀ tó bá fi 55 gbóná ju yàrá lọ, 77 ni yóò fi hàn nínú yàrá 22 ní Jámánì. Gbé e wá sí yàrá 33 n'Íbàdàn, 88 ni, lórí iṣẹ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ Ryzen 7000, pírósẹ́sọ̀ ilé iṣẹ́ AMD, sì ń dín eré kù bó bá kan 95.

Ẹrù gbígbé ni, ó tán. A-gbé-ooru-lọ: agbóorulọ. Ohùn àárín ni ooru láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní “agbóòórùn” ti sọ ọ́ di imú.

“Àtè” ńkọ́? Ẹyẹ la fi ń mú. Síkúrúù ló ń di kúlà mú, kì í ṣe ìpara. Iṣẹ́ ìpara ni kó dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà láàárín irin méjì, torí afẹ́fẹ́ tó bá há síbẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru kọjá. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan láàárín tó. Kí a máa yí síkúrúù ní ìdábùú, ẹ̀ẹ̀mejì níbí, ẹ̀ẹ̀mejì ní igun kejì. Ẹni tó bá yí ẹ̀gbẹ́ kan tán kó tó kan èkejì, ìpara á ṣí sí apá kan. Kó sì bó ọ̀rá náílọ̀n tó wà lábẹ́ kúlà o! Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ní “kúlà yìí ò dáa”, ọ̀rá yẹn ni.

Àwọn àgbà tó sọ tẹlifíṣọ̀n lórúkọ wo iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó lanu.

*

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè: ṣé ọ̀mùtí náà ń ṣìnà? Mu àti ọtí, “ọ” ló kú. Mú àti ara di múra, “a” ló kú. Òfin yín ní ihò.

Lórí “tutù”, bí ìyá bá fi ẹnu fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ, kí ló máa ń wí? “Ó ti tutù, gbà á.” Ẹ̀kọ yẹn kò tutù ju yàrá lọ o. Ẹ sì wo ẹ̀yìn fèrèsé tí amúlétutù wà, ẹ wo ooru tó ń tú sí àwọn tó ń kọjá lára. Òun náà ń gbẹ́rù, ẹ ò ì tíì gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àtè? Ẹni tó bá ti tú kúlà lórí bọ́ọ̀dù AM4 (ti pírósẹ́sọ̀ AMD ti tẹ́lẹ̀) lẹ́yìn ọdún mẹ́ta mọ̀ pé àtè ni. Ìpara á ti gbẹ, pírósẹ́sọ̀ á bá kúlà jáde kúrò nínú ihò rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ti tẹ̀. Ohun tí à ń ṣe ni pé ká fún kọ̀ǹpútà níṣẹ́ tó wúwo fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìpara rọ̀, ká pa á, ká tú síkúrúù, ká yí kúlà sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀ kí a tó gbé e sókè. Ti AM5 tó rọ́pò rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, irin ń di pírósẹ́sọ̀ mọ́lẹ̀.

*

Ẹ̀yin méjèèjì ń jà, ọjà ti sọ ọ́ lórúkọ: kúlà. Èyí tó ń fi omi ṣiṣẹ́ ní páńpù àti rédíétọ̀, mẹkáníìkì mọ̀ wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ra kọ̀ǹpútà. Kí páńpù má ṣáà jẹ́ ibi tó ga jù, torí òkè ni afẹ́fẹ́ ń sá lọ. Bó bá kó sínú páńpù, á máa kùn, kò ní pẹ́ kú.

Ohun tó ń dun oníbàárà ni pé ohun tó rà kò wọlé. NH-D15 ga ní 165 mm, Peerless Assassin 155. Ẹ wọn àyè àpótí yín láti orí pírósẹ́sọ̀ dé ìdérí ẹ̀gbẹ́. RAM (káàdì ìrántí kọ̀ǹpútà) tó bá ga ju 32 mm lọ, ẹ ó gbé fáànù iwájú NH-D15 sókè, kì í sì í ṣe 165 mọ́. Àwọn ihò síkúrúù kúlà lára bọ́ọ̀dù LGA1200 (ti pírósẹ́sọ̀ Intel) fi 75 mm jìnnà síra, ti LGA1700 tó tẹ̀lé e fi 78: kúlà tòkunbọ̀ tí kò bá ní irin ìdè tuntun, ẹ fi sílẹ̀. Kí páìpù idẹ rẹ̀ má sì tẹ̀, bó bá tẹ̀ omi inú rẹ̀ kò ní rìn.

*

Àbúrò, ẹ̀kọ tí ìyá ń fẹ́ ti kúrò lórí iná. Pírósẹ́sọ̀ ò kúrò lórí iná níwọ̀n ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ìkòkò tó ń hó, ẹ lè ṣí ìdérí rẹ̀ kó má baà ru dànù. Ẹnikẹ́ni kò ní wí pé ó tutù. Ọ̀mùtí, “mu” nìyẹn, ohùn àárín. “Mú” là ń wí. Múra nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún mi di ọ̀la.

Ẹ̀yin tí ẹ ní páìpù idẹ: bàbà ni o. Idẹ ní síńkì nínú, ooru kì í sáré nínú rẹ̀ bíi ti bàbà. Funfun tí ẹ rí lára rẹ̀ yẹn, níkẹ́lì ni wọ́n fi bò ó.