Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí fẹ́lóṣíìpù akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì: ó ti yanjú

Ẹ ṣé o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá sí i. Ohun tí mo bi yín ni bí a ṣe lè dá fẹ́lóṣíìpù, ìyẹn ẹgbẹ́ ìjọsìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni, sílẹ̀ ní kámpọ́ọ̀sì tí kò fi ní tú ká. Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí nìyí.

Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ ó kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ta sípíkà. Òfin ẹgbẹ́, orúkọ àwọn adarí àti òṣìṣẹ́ ilé ìwé kan tó máa dúró fún yín ni wọ́n sábà máa ń béèrè.

Ẹni 6 sí 8 tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Fún àwọn jáḿbáìtì, ìyẹn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ la ìwé sí òpó mẹ́rin: orúkọ, họ́sítẹ́ẹ̀lì, yàrá, ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Kí ẹnì kan dé yàrá wọn láàárín ọjọ́ 2 tí wọ́n bá kọ́kọ́ wá sí ìpàdé. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán kì í mú wọn padà wá.

Ohun tó ń pa fẹ́lóṣíìpù jù ni kí gbogbo adarí jẹ́ ọmọ ọdún ìkẹyìn. Wọ́n á jáde, ilé á dá. Ẹ fi ọmọ 200 level (ọdún kejì) ṣe igbákejì, kí ìwé owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bá dáṣẹ́ sílẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì lọ sílé, ẹ pín àwọn ọmọ fẹ́lóṣíìpù sí ẹgbẹ́ WhatsApp ní ìlú-ìlú.

Mo ti pa ojú ewé yìí dé.