Àgbẹ̀ ọ̀dọ́ tó wọ kànga tí kò jáde mọ́

Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Àyọ̀bọ̀

Ẹ̀yin ará, ọmọkùnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ lábẹ́ wáyà iná ńlá ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí ti lọ. Ọmọ ọdún 26 ni. Inú kànga oko rẹ̀ ló kú sí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ láti gbé e jáde náà kò sì gòkè mọ́. Àwọn kan ti ń sọ pé ẹbọra inú omi ló mú wọn, àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni. Ìyá tó bí i ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí irú ikú yìí ṣe ń pani, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kedere, torí kànga bẹ́ẹ̀ pọ̀ láti ibí dé Ìpájà.

Iṣẹ́ tó yan láàyò kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ebè tí kò fẹ̀ ju mítà 1.2 lọ, kí ọwọ́ lè tó àárín láìtẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, torí tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré ju kó dọ́gba lọ́wọ́, nítorí náà ìkúnwọ́ kan la máa ń pò mọ́ ìkúnwọ́ yanrìn gbígbẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ká tó fọ́n ọn, kó má baà dì jọ sójú kan. Bí ọmọ yìí bá fọ́n irúgbìn, ẹ ó rò pé ó fi okùn wọ̀n ọ́n ni. Tẹ̀tẹ̀ tó fà tu ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ewédú ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Àwọn ìyá ọlọ́jà á wá ná ebè kọ̀ọ̀kan lójú oko, àwọn fúnra wọn á sì fà á, wọ́n á dì í.

Inú ẹ̀ẹ̀rùn lowó wà, ìgbà yẹn náà sì ni omi kànga máa ń lọ sísàlẹ̀. Ebè tó gùn ní mítà 10 ń fẹ́ bíi lítà 60 lójúmọ́. Ẹni tó ní ebè 50 ń wá lítà 3,000. Bó bá jẹ́ kéènì lítà 10 ló fi ń bomi rin ín, ìgbà 300 nìyẹn lójúmọ́. Ìdí tí pọ́ǹpù fi di dandan fún un nìyẹn, orí pákó inú kànga ló sì gbé e sí.

Atúnpọ́ǹpùṣe, Ìyànà-Ìpájà

Kí Ọlọ́run tu ìyá rẹ̀ nínú. Màá sọ ti ẹ̀rọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Pọ́ǹpù orí ilẹ̀ kì í fa omi bí okùn ṣe ń fa korobá. Ó ń lé afẹ́fẹ́ inú họ́ọ̀sì jáde ni, afẹ́fẹ́ ìta tó tẹ orí omi mọ́lẹ̀ á wá ti omi náà gòkè. Afẹ́fẹ́ ìta kò sì lè ti omi kọjá nǹkan bíi mítà 10, bó ti wù kí ẹ̀rọ lágbára tó. Tí ẹ bá ro ti fáàfù ìsàlẹ̀ tó ń jò, síìlì tó ti jẹ àti họ́ọ̀sì tó ti sán, mítà 7 ni kí ẹ kà sí òpin. Tí omi bá ti dé mítà 8 tàbí 9, ẹ̀rọ á máa ké, omi ò ní yọ. Àwọn kan á lọ ra èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó á ṣòfò, omi ò ní wá náà.

Ohun tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn náà ni pé wọ́n á fi pákó dábùú inú kànga, wọ́n á gbé ẹ̀rọ sọ̀ kalẹ̀ sórí rẹ̀ ní mítà 3 tàbí 4. Omi á wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kànga tó fẹ̀ ní mítà kan, tó jìn ní mítà 9, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò ju bíi lítà 7,000 lọ. Ẹ̀rọ tó ń jó epo bẹntiróòlù á fi èéfín kún un láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí epo bá tán, ọmọ ènìyàn á sọ̀ kalẹ̀ lọ bu epo sí i. Pípa tí ẹ̀rọ pa kò lé èéfín náà lọ. Ó lè wà níbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, torí atẹ́gùn kì í fẹ́ wọ ìsàlẹ̀ kànga.

Agbẹ́kànga, Agége

Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àtùpà kún un, torí ó ti tan ọ̀pọ̀ jẹ. Àṣà iṣẹ́ wa ni pé ká so àtùpà mọ́ okùn, ká sọ ọ́ kalẹ̀; tó bá kú, kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀. Ìyẹn dára fún kànga tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti tán, bíi èyí tí ewé jẹrà sí. Ṣùgbọ́n carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín ẹ̀rọ, kì í pa iná. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Àtùpà á máa jó geere, ẹni tó wọlé á sì ṣubú. Bí epo bẹntiróòlù bá tún ti dà síbẹ̀, iná tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lè bú gbàmù.

Kí ẹni kẹ́ni má tẹ̀ lé ẹni tó bá ti dákú nínú kànga. Ohun tó pa ọ̀rẹ́ yẹn nìyẹn, ó sì dùn mí wọra. Ẹ pe 112 tàbí 767, àwọn panápaná ní ẹ̀rọ ìmí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Kí wọ́n tó dé, ẹ fi bùlówà, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀ nípasẹ̀ họ́ọ̀sì tó fẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ di ẹ̀ka igi eléwé ní ìdì, ẹ máa sọ ọ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa fà á sókè. Ó lọ́ra, àmọ́ ó ń ru afẹ́fẹ́ sókè.

Nọ́ọ̀sì, Mushin

Tí wọ́n bá gbé e jáde tó ṣì ń mí: ibi tí atẹ́gùn wà ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ sì yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fi epo pupa tàbí mílíìkì sí ẹni tó dákú lẹ́nu. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ, ó sì ń pa ẹni tí èéfín kò tíì pa.

Carbon monoxide máa ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó ju 200. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó máa ń gba bíi wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára; pẹ̀lú ọ́síjìn gidi látinú máàsìkì, bíi wákàtí kan sí kan àbọ̀. Nítorí náà, ilé ìwòsàn tó ní ọ́síjìn ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ sọ fún wọn ní ẹnu ọ̀nà pé èéfín ẹ̀rọ ni, torí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka máa ń kà á bí ẹni tí ọ́síjìn rẹ̀ pé, kì í mọ ìyàtọ̀. Ẹni tí orí kàn ń fọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀ mọ́, tó ń bì, òun náà kò gbọ́dọ̀ lọ sùn nílé.

Atúnpọ́ǹpùṣe, Ìyànà-Ìpájà

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Àwọn tó bi mí ní pọ́ǹpù wo ni kí wọ́n lò: súmò, ìyẹn pọ́ǹpù inú omi. Inú omi gan-an ló máa ń wà, iná ló ń lò, títì ló ń ti omi gòkè, kò sí òfin mítà 7 fún un. Kí jẹnẹrétọ̀ wà lórí ilẹ̀, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ẹnu kànga, kí ẹ̀yìn èéfín rẹ̀ kọjú síbòmíràn. Okùn ọ̀rá tó yi ni kí ẹ fi gbé súmò kọ́, ẹ má fi wáyà iná rẹ̀ gbé e. Tó bá bàjẹ́, okùn lẹ ó fi fà á sókè, kò sẹ́ni tí yóò wọlé.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Àyọ̀bọ̀

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá náà. Ó ní kí n tún ti Agbẹ́kànga kà, mo sì tún un kà.

Wọ́n ti yọ pákó inú kànga kúrò, wọ́n ti fi páànù bo ẹnu rẹ̀. Ewédú ebè mẹ́jọ tó fi sílẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 5. Àwa tó kù ń fi korobá bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n tó bá kọjá ọjọ́ mélòó kan sí i, á yọ òdòdó, ewé rẹ̀ á le. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń tà á, ẹ wá wò ó kó tó di ọjọ́ Sátidé. Ìyá rẹ̀ ló máa gba owó rẹ̀.