Bàbá mi ní àwọn kì í yìnbọn kọjá ọ̀pẹ kẹta: ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa?

Ọmọ Iléṣà kọ ọ́ pé:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ìjẹta.

Bàbá mi jáde láyé lọ́dún tó kọjá nílé wa níbí ní Iléṣà. Ẹni ọdún 76 ni wọ́n. Wọ́n wọṣẹ́ ológun lọ́dún 1968, wọ́n sì wà pẹ̀lú Third Marine Commando lágbègbè Owerri títí ogun abẹ́lé fi parí ní oṣù kìíní 1970. Wọn kì í sábà sọ̀rọ̀ ogun. Àfi tí iná bá lọ lálẹ́, tí a bá tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á sọ díẹ̀. Èyí tí wọ́n máa ń tún sọ jù ni pé, "Ọ̀pẹ kẹta ni ààlà. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn ọ̀pẹ kẹta, a kì í fi ọta ṣòfò lé e lórí." Wọ́n á wá nawọ́ sí àwọn ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Wọ́n tún máa ń fi ẹnu ṣe ìró ìbọn fún àwa ọmọ: "Pàá!" Wọ́n á dákẹ́ díẹ̀. "Gbì." Àwa náà á máa sín wọn jẹ káàkiri àdúgbò.

Lọ́jọ́ Àìkú a ṣe ìrántí ọdún kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tó wà nílùú òyìnbó bá wa ṣe é lórí fóònù. Bí mo ṣe mẹ́nu ba ọ̀pẹ kẹta, ẹ̀rín ló bú sí. Ó ní ìbọn FN tí bàbá ní àwọn lò, mítà 600 ló ń ṣiṣẹ́ dé, pé kò sí sójà gidi tó máa gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ dání tí yóò máa wo ọ̀pẹ mẹ́ta. Ó ní bóyá ìdí ààrò ni wọ́n fi bàbá sí níbẹ̀, pé oúnjẹ ni wọ́n ń sè. Níwájú ìyá mi ló ti sọ ọ́. Màmá kò fèsì. Wọ́n dìde, wọ́n ń kó abọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi ẹsẹ̀ wọn ẹ̀yìnkùlé náà láti ibi tí bàbá máa ń jókòó. Ìṣísẹ̀ 41 dé ọ̀pẹ àkọ́kọ́, 78 dé èkejì, 130 dé ẹ̀kẹta. Kò lè ju mítà 100 lọ.

Ẹni tó bá mọ̀ nípa ìbọn àti ìjà àwọn sójà tó ń fẹsẹ̀ rìn, kó là mí lóye. N kò wá fún àríyànjiyàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ fèsì:

Ẹ kú ìrọ́jú bàbá o. Tí a bá dé ibi nọ́ńbà, mọ̀lẹ́bí yín kò purọ́. Ọta FN, ìyẹn 7.62×51 (ìwọ̀n rẹ̀ ní mìlímítà), máa ń jáde lẹ́nu ìbọn ní nǹkan bíi mítà 840 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nọ́ńbà mítà tó wà lára ihò ẹ̀yìn tí ojú ń gbà wò, 200 ló ti bẹ̀rẹ̀, 600 ló parí sí. Ara AKM, ìyẹn irú AK kan, 1 dé 10 ni wọ́n kọ, ìyẹn mítà 1,000. Ọta náà á sì ṣì pa èèyàn níbi tó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pẹ mẹ́ta kéré lójú tèmi. Bóyá bàbá ti gbàgbé díẹ̀ ni, ogun náà ti pẹ́.

Bàbá Sájẹ́ǹtì fèsì:

Ọmọ Iléṣà, ọmọ mi, kọ́kọ́ lọ sọ fún màmá rẹ kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó débẹ̀ ni ọkọ wọn sọ.

Ọdún 22 ni mo lò nínú iṣẹ́ ológun kí n tó padà wálé wá dáko kòkó lọ́nà Ìpetu. Ogun abẹ́lé bá mi nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó jà á ló kọ́ mi níṣẹ́. Fún ọdún mẹ́sàn-án, èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun ní ìbọn yíyìn, FN yẹn gan-an. Ó ju kílò 4 lọ kí o tó ki ọta sí i. Tí o kò bá fi ìdí rẹ̀ ti èjìká dáadáa, bí ìgbà tí àgbò kan èèyàn ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀, nọ́ńbà rẹ pé. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta lo dà pọ̀. Ibi tí ọta lè fò dé wà lọ́tọ̀. Ibi tí ìbọn lè ta á sí gẹ́lẹ́, bí wọ́n bá dè é mọ́ tábìlì, wà lọ́tọ̀. Ibi tí ọmọ èèyàn tó ń mí hẹlẹ, tí òógùn ń ṣàn wọ̀ lójú, lè ta èèyàn bíi tirẹ̀ tó sá pamọ́ sínú koríko dé, òun náà wà lọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta yìí ló kúrú jù, òun sì ni ojú ogun mọ̀.

Jẹ́ kí n fi ohun tí mo máa ń fi han àwọn ọmọ tuntun hàn yín. Lára FN, láti ihò ẹ̀yìn tí ojú ń gbà wò dé irin ṣóńṣó iwájú, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 55 ni. Tí o bá fi mìlímítà kan ṣoṣo ṣì í wò, ọta á fi sẹ̀ǹtímítà 18 yà ní mítà 100. Ó ṣì lè ba èèyàn. Ní mítà 300, ó ti di 54, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ ẹni náà kọjá. Ní 600, ó ju mítà kan lọ. Ti AK tún le jù bẹ́ẹ̀, torí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 38 ni àárín ojú méjèèjì tirẹ̀. Wọn ì báà kọ 10 sí i lára, mìlímítà kan ni ọwọ́ fi ń gbọ̀n.

Mo máa ń gbé owó kọ́bọ̀ kan lé orí ìbọn tí kò ní ọta nínú, níwájú pátápátá, n óò wá ní kí ọmọ náà fà á. Kọ́bọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ jábọ́. Mo rántí ọmọkùnrin gìrìpá kan tó lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì sárẹ́. Kọ́bọ̀ jábọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹtàdínlógún láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó jókòó sílẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Lórí pápá tó tutù nìyẹn o, kò sí ẹni tó ń yìnbọn sí i.

Ọta kì í sì í rìn gbọọrọ bí okùn aṣọ. Ó ń wálẹ̀ bí òkò ṣe ń wálẹ̀. Tí o bá fi ojú FN sí 200, tí o wá fi wo ẹni tó wà ní 500, ọta á bọ́ ju mítà kan lọ sí ìsàlẹ̀ ibi tí o wò. O gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé 500 ni. Ta ló fi okùn wọn igbó kó tó jà níbẹ̀? Bàbá rẹ sì nìyẹn, igbó, oko gbágùúdá àti ọ̀pẹ ni wọ́n ti jà. Ní mítà 600 lágbègbè Owerri, kí ni wọn ì bá rí? Ewé ni. Ọ̀pẹ tó wà nílẹ̀ ni wọ́n sọ di ìwọ̀n. Ohun tí ọ̀gá tó bá mọ iṣẹ́ máa ń ṣe nìyẹn: kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, á yan igi kan, á ní kó tó kọjá ibí, kí ẹnikẹ́ni má yìn. Mágásíìnì FN, ọta 20 ló ń gbà, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni òmíràn máa ń tètè dé.

Àwọn tó ń ṣe ìbọn náà mọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn Jámánì rí i pé ìjà kì í sábà kọjá mítà 400, ni wọ́n bá gé ọta kúrú, ìbọn tí wọ́n ń pè ní StG 44 sì jáde. AK tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1952 àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí tiwọn, wọ́n rí i pé ìbọn ọwọ́ sójà kì í fi bẹ́ẹ̀ ba èèyàn mọ́ tó bá ti kọjá yáàdì 300. Ìyẹn wà lára ohun tó gbé wọn dé ìdí ọta kékeré tí M16 ń yìn. Ọgọ́rùn-ún ọta FN tó kílò 2.4. Ọgọ́rùn-ún ti M16 jẹ́ ìdajì rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ẹ̀yìn gbé e láti àárọ̀ dalẹ́ mọ bí ìdajì yẹn ṣe tó.

Ọdẹ Alẹ́ fèsì:

Bàbá Sájẹ́ǹtì, ẹ ṣé. Èmi tí mo ń ṣọdẹ, ẹtu tó dúró jẹ́ẹ́ tí iná mi mú lójú, tó bá kọjá ogójì ìṣísẹ̀ n kì í fọwọ́ kan ìbọn. Ẹtu kò sì ní ìbọn tirẹ̀ lọ́wọ́.

Ìyá Olùkọ́ fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti mú wọn lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé láti lọ wo ilẹ̀ ogun Kírìjì. Ohun tí ẹ sọ yìí, Ìjẹ̀ṣà ti rí i rí.

Ṣakabùlà ni tọ̀tún-tòsì kọ́kọ́ gbé. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki í. Ó di dandan kí èèyàn dìde tàbí kó kúnlẹ̀ kó lè fi ọ̀pá ti ètù wọlé, inú ìbọn náà sì dán borokoto, kò sí ìlà nínú rẹ̀ tó máa yí ọta kó lè lọ tààrà. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń sún mọ́ ara wọn. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí Èkìtì Parapọ̀, irú Snider tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fún sójà wọn láti 1866. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, jíjìnnà tó ń jìnnà kọ́ ni iṣẹ́ tó tóbi jù tó ṣe. Èèyàn lè dùbúlẹ̀ kó ki ọta sí i! Jagunjagun kò ní láti dìde mọ́. Àwọn ọmọ ogun Ògèdèǹgbé níhìn-ín àti ti Látóòsà Ìbàdàn lọ́hùn-ún wá di ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn òkìtì àti inú yàrà. Ìró àwọn ìbọn yẹn láàárín òkè ló fún ogun náà lórúkọ. Àgọ́ kan kò sì lé èkejì lọ. Ìwé àlàáfíà oṣù kẹsàn-án 1886 ló tú wọn ká, Látóòsà sì ti kú sí àgọ́ lọ́dún tó ṣáájú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ fèsì:

Bàbá, mo tọrọ àforíjì. Ọmọ Iléṣà, ẹ má bínú sí mi. Àmọ́ ó kù mí kan: tí ìbọn ọwọ́ kì í bá fi bẹ́ẹ̀ ba èèyàn lókèèrè, kí ló dé tí wọ́n fi ń yin ọta tó pọ̀ tó yẹn?

Bàbá Sájẹ́ǹtì fèsì:

O béèrè dáadáa. Púpọ̀ nínú ọta ogun, wọn kò yìn ín láti pa ẹnikẹ́ni. Wọ́n yìn ín kí ẹni ọ̀hún má lè gbórí sókè ni. Bí ó bá ti dorí kodò, kò lè wò ọ́, kò lè yìn, ìgbà yẹn ni ẹnìkejì rẹ á dìde sáré. Ìdajì ń yìn, ìdajì ń sáré. Àwọn tó sáré á wólẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yìn, àwọn tó ń yìn tẹ́lẹ̀ á dìde. Eré náà kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí márùn-ún lọ, torí kò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ kí ojú ẹnìkan tó rí ọ, kó sì wọ̀n ọ́. Tí o bá sáré tó mẹ́jọ, o ti sá bọ́ sí ojú ìbọn rẹ̀. Ibi tó jìnnà, ìbọn arọ̀jò-ọta ló ni ín. GPMG tó fẹsẹ̀ méjì tilẹ̀ á de nǹkan bíi mítà 800 mọ́lẹ̀. Ìwọ tó gbé FN, sísún mọ́ wọn ni iṣẹ́ tìrẹ.

Ọmọ Iléṣà, mo padà ka ìbéèrè rẹ, mo sì rí ohun kan tí mo fò. O ní bàbá máa ń ṣe "pàá", wọ́n á dákẹ́, kí wọ́n tó ṣe "gbì". Ǹjẹ́ o mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún yín?

Ọta FN yára ju ìró lọ. Nígbà tó bá ń kọjá nítòsí etí rẹ, òun fúnra rẹ̀ ló ń dún pàá. Gbì jẹ́ ti ẹnu ìbọn, ó ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní mítà 300, ọta á lo bí ìdá mẹ́rin nínú ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìró á lo bí ìdá mẹ́sàn-án. Àlàfo àárín méjèèjì ni àwa fi ń mọ bí ẹni tó ń yìnbọn ṣe jìnnà sí wa tó. A máa ń dùbúlẹ̀ sínú kòtò lórí pápá, wọ́n á yìn ín gba orí wa kọjá, ká lè kọ́ ọ.

Ẹni tó wà lẹ́yìn nídìí ààrò, gbì nìkan ló ń gbọ́. Ẹni tí ọta ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ló ń gbọ́ pàá.

Ọmọ Iléṣà fèsì:

Bàbá, ẹ ṣeun. Gbogbo yín, ẹ ṣeun.

Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí màmá ní ilé ìdáná. Nígbà tí mo dé ibi pàá àti gbì, wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, bàbá sọ fún àwọn pé àlàfo yẹn máa ń kúrú díẹ̀díẹ̀, pé ọjọ́ kan wà tí méjèèjì dún pọ̀ bí ẹyọ kan, tí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn tọ̀hún ti dé ìdí ọ̀pẹ àkọ́kọ́. Wọn kò sọ ìyẹn fún àwa ọmọ rí.

Màmá ní kí n tún ọ̀rọ̀ ẹni tó wà nídìí ààrò kà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti fi í ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lórí WhatsApp, ó sì ti kà á. Lálẹ́ àná ó pe fóònù màmá fúnra rẹ̀.