Èsì lórí "Afundẹ Oníyàrá": ta ni ó ń fun idẹ?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Fún àǹfààní àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí orí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n bẹ ọ̀kan nínú wa tí ó ń gbé ní London kí ó kọ ìkéde Yorùbá fún eré àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún kan, tí wọ́n jáde ní ilé ẹ̀kọ́ orin láìpẹ́, tí wọ́n sì ti ń fi orin jẹun. Méjì nínú wọn ń fun tìróḿpẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan ń fun họ́ọ̀nù, ọ̀kan ń fun tìróḿbóònù, ọ̀kan sì ń fun túbà. Orúkọ tí arákùnrin wa gbé wá, láti fi túmọ̀ "brass" (àwọn ohun-èlò onídẹ tí à ń fun) àti "chamber" (orin inú yàrá) ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ni "Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Afundẹ Oníyàrá". Alàgbà wa láti Ìbàdàn ti fọwọ́ sí i pé ó gún régé, àwọn mìíràn sì ti kan sáárá sí i. Pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí Alàgbà, tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọ́ni láti ìgbà tí èmi kò tíì mọ̀ọ́kọ, n kò lè bá wọn ṣe àmín.

Ohun tí ìpajẹ, ìyẹn pípa fáwẹ̀lì jẹ, ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà kò ní àbùkù. A-wẹ-idẹ di awẹdẹ nínú oríkì Ọ̀ṣun, "awẹdẹ kó tó wẹmọ", kò sì sí ẹni tí ó bi olóríkì léèrè ibi tí fáwẹ̀lì i wọlẹ̀ sí. A-fun-idẹ náà lè di afundẹ láìsí ìjà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, ìyẹn ohun tí ìṣe náà kàn, ni ìṣòro wà. Nígbà tí Ọ̀ṣun ń wẹ idẹ, idẹ gan-an ni omi ń kàn. Ta ni ó wá ń fun idẹ? Lẹ́nu àwọn tí wọ́n bí wa, orúkọ ohun-èlò ni fun máa ń gbà. Kì í gba orúkọ ohun tí a fi ṣe é. À ń fun fèrè, à ń fun ìpè, à ń fun kàkàkí. Igi ni a fi gbẹ́ ìlù dùndún, awọ ni a fi bò ó, síbẹ̀ n kò tíì gbọ́ ibi tí a ti pe ọmọ Àyàn ní alugi tàbí aluawọ. Alùlù ni, onílù ni. Kí ni ìdí tí a ó fi wá sọ afunfèrè di afundẹ, bí kò ṣe pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń fi orúkọ irin pe ohun-èlò, tí a sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọmọ ẹ̀yìn oníṣègùn?

Ẹ tún wo ohùn tí ó wà lórí fun yẹn. Ohùn àárín ni. Bí ẹni tí ó ń tẹ pátákó ìpolówó bá gbé e sókè, tàbí bí kò bá fi àmì sí i rárá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, afúnrúgbìn ni etí ẹni tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi yóò sáré lọ bá, yóò sì máa wá ọ̀dọ́ márùn-ún tí ń fún idẹ káàkiri oko. Alàgbà ní àmì ohùn wà fún irú èyí. Ó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí Alàgbà rọra wo àwọn pátákó tí àwọn èèyàn wa ń gbé síta ní Peckham, kí wọ́n sọ fún mi iye àmì ohùn tí wọ́n rí níbẹ̀.

Ìyá wa tí wọ́n kọ̀wé láti Abẹ́òkúta ti já wọ inú ọ̀rọ̀ náà pé fọn ni ó tọ́, pé fun jẹ́ àṣìpè àwọn ọmọ Èkó. Ní ilé tiwa, fun ni fún fèrè. Ikun imú ni à ń fọn. N kò ní kí Ìyá yí ẹnu wọn padà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi Èkó bú mi, nítorí pé n kì í ṣe ọmọ Èkó.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí idẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn. Kì í ṣe idẹ ni ó sọ àwọn ohun-èlò wọ̀nyí di ìdílé kan. Sakisofóònù tí Adolphe Sax gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1846, idẹ ni a fi ṣe é láti òkè délẹ̀, síbẹ̀ kì í bá wọn jókòó, nítorí pé ègé igi pẹlẹbẹ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ ni ó ń gbọ̀n tí ó fi ń dún. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, nígbà tí Giovanni Gabrieli ń kọ orin fún ṣọ́ọ̀ṣì Máàkù Mímọ́ ní Venice, tí àwọn kan nínú rẹ̀ jáde ní 1597, igi tí a fi awọ wé ni fèrè kan tí ó pọ̀ nínú orin rẹ̀, ohun tí ó fi ń dún sì ni ètè. Lónìí, tìróḿpẹ́ẹ̀tì ni ó ń gba ipò fèrè onígi yẹn nígbàkúùgbà tí àwọn ọ̀dọ́ bí tiwa bá gbé orin Gabrieli kalẹ̀. Ètè ni ó bí wọn, nítorí náà: ẹni tí ó ń fun ún pa ètè pọ̀ mọ́ ẹnu ife kékeré kan, ó sì ń mú kí ètè náà máa gbọ̀n bí èémí ti ń gba àárín rẹ̀ kọjá.

Èyí ni ó mú kí ẹnìkan láàrin wa dá "afètèfun". Ó mọ́ ọn dá, mo gbà, ṣùgbọ́n fèrè wo ni kì í kan ètè? Tí a bá dárúkọ bẹ́ẹ̀, oníyẹ̀yẹ́ yóò béèrè bóyá a ti rí ẹni tí ó ń fi imú fun. Mo fara mọ́ kí idẹ wà níbẹ̀, kí ó sì dúró sí ipò tí ó tọ́ sí i, ìyẹn ipò ẹ̀yán, ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mìíràn: fèrè idẹ. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì gbọ́ ohùn nínú idẹ ṣáájú wa. "Idẹ tí ń dún" ni Pọ́ọ̀lù pe ara rẹ̀ bí kò bá ní ìfẹ́. A kò sì lè fi fèrè nìkan sílẹ̀ láìyán an, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ̀ jù. Tìróḿpẹ́ẹ̀tì ni Fẹlá lọ kọ́ ní London ní 1958, ó padà wá gbé sakisofóònù lọ́wọ́ lẹ́yìn náà, fèrè sì ni gbogbo àdúgbò ń pe méjèèjì.

"Oníyàrá" ni ó bí mi nínú jù. Lóòótọ́, yàrá àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti ń ṣe irú orin bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n oníyàrá ní èdè wa ni ẹni tí ó ní yàrá, tàbí ẹni tí ó háyà yàrá. Ẹni tí ó bá ka ìkéde náà ní ẹ̀ẹ̀kan yóò béèrè iye owó ilé. Ohun tí ó ya orin yìí sọ́tọ̀ ni pé ènìyàn kan ni ó ni ohùn kan, kò sì sí ẹni tí ó dúró níwájú tí ó ń ju ọ̀pá láti darí wọn. Mo ti jókòó nítòsí irú wọn. Ẹni tí ó mú tìróḿpẹ́ẹ̀tì kìíní gbé orí sókè díẹ̀, ó fa èémí sínú, àwọn yòókù fa èémí náà pẹ̀lú rẹ̀, orin sì bẹ̀rẹ̀. Láàrin orin kan sí èkejì, ẹni tí ó mú họ́ọ̀nù ń yí i lọ yí i bọ̀ lórí itan kí omi èémí lè dà jáde, ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kan sì ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, nítorí pé ètè tí ó ti rẹ̀ gbọ́dọ̀ sinmi, kò sì sí ẹnìkejì tí ó lè gba ohùn náà ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí èyí ni mo ṣe ní kí a fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí a mú ọ̀wọ́. Ẹgbẹ́ ni ó ń ṣe ìpàdé, tí ó ń dá owó, tí ó ń rán aṣọ. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ dùndún ni à ń sọ: ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, kẹríkẹrì àti ìṣaájú ń gbè é, gúdúgúdú kò yẹsẹ̀ nínú iṣẹ́ tirẹ̀, bí a bá sì yọ ọ̀kan kúrò, gbogbo wa la ó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni túbà ṣe rí lábẹ́ àwọn mẹ́rin yòókù. Ọ̀wọ́ kò sì so wá mọ́ iye. Márùn-ún ni American Brass Quintet láti 1960, márùn-ún ni Canadian Brass láti 1970, ṣùgbọ́n ti Philip Jones, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1951, kó ènìyàn mẹ́wàá jáde nígbà mìíràn láyé ìgbà tirẹ̀, ọ̀wọ́ náà ni. Mo mọ̀ pé Alàgbà yóò sọ pé èmi tí mo ń ṣọ́ ohùn fun ni mo tún gbé ọ̀wọ́ wá, tí ó dúró sí àárín ọ̀wọ̀ àti ọwọ́. Ọ̀wọ́ ẹran àti ọ̀wọ́ ìlù ti wà lẹ́nu wa kí a tó bí wa. Afundẹ, àná ni wọ́n bí i.

Lórí "akọ́ṣẹ́mọṣẹ́", tí a fẹ́ fi pe àwọn ọmọ náà nínú ìkéde, ẹnìkan ní ọ̀dọ́ kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé mọṣẹ́ ń fẹ́ ewú lórí. N kò rí ibi tí ó ti rí ewú nínú mọ̀. Viktor Ewald, tí ó kọ àwọn orin tí kò sí ọ̀wọ́ olóhun-èlò márùn-ún tí kì í fun wọn, onímọ̀ ẹ̀rọ ni ní St. Petersburg, iṣẹ́ ìkọ́lé ni ó ń kọ́ àwọn ènìyàn. Ewú kò sọ òun di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ olórin. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń lọ fun fèrè níbi ìgbéyàwó, wọ́n ń kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń dípò ẹni tí ara rẹ̀ kò yá nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá, ibẹ̀ ni owó ilé wọn ti ń wá. Ó tó.

Àwọn àgbà kò jà tó báyìí. Láti ìgbà tí Ẹgbẹ́ Ogun Ìgbàlà ti dé Èkó ní 1920 ni àwọn èèyàn wa ti ń rí túbà ní òpópónà. Bàbá kan ní àdúgbò wa tí ó bá wọn fun ún títí eyín fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kò pè é ní nǹkan kan ju "fèrè ńlá" lọ, ẹni tí ó bá rán níṣẹ́ kò sì gbé òmíràn wá rí.

Nítorí náà, àbá mi fún ìkéde náà ni "Ọ̀wọ́ Fèrè Idẹ, láti ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ márùn-ún". Kí arákùnrin wa fi họ́ọ̀nù sílẹ̀ bí ó ti wà, kí ó yọ "ìwo Faransé" kúrò; àwọn tí ń fun ún fúnra wọn kò fẹ́ràn Faransé tí wọ́n so mọ́ ọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní orúkọ tí ó sàn ju tìróḿbóònù lọ, kí ó mú un wá, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe gbé "fèrè afàgùn" tí ẹnìkan dá fún un padà síbí, nítorí pé ipò méje ni ọ̀pá tí à ń fà lára rẹ̀ ní, bí ẹni tí ó mú un ti ń fà á gùn ni ó ń fà á kúrú.