Load average ga, CPU kò sì ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Sáfà Ubuntu kan tó ní core 4 ń falẹ̀ gan-an. `uptime` ní load average (ìpíndọ́gba iye ètò tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń dúró) jẹ́ 9, ṣùgbọ́n `ps aux` kò fi ètò kankan hàn tó ju 15% lọ. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Èsì: Ẹ má gbára lé `ps` fún èyí. %CPU tó ń kọ jẹ́ ìpíndọ́gba láti ìgbà tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ètò tó ti sùn fún wákàtí 10, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń jẹ CPU báyìí, á ṣì dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹ ṣí `top`, kí ẹ tẹ 1, core kọ̀ọ̀kan á jáde lọ́tọ̀. `us` ni iṣẹ́ àwọn ètò, `sy` ti kernel (ọkàn Linux fúnra rẹ̀), `id` ni àkókò ìsinmi, `wa` ni ìgbà tí CPU kò ríṣẹ́ ṣe torí ó ń dúró de dísìkì.

Ẹni tó béèrè: us 6, sy 3, id 22, wa 69.

Èsì: Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà! Dísìkì ló ń dá wọn dúró. Load average ti Linux máa ń ka àwọn ètò tó wà ní ipò D (àwọn tó ń dúró de dísìkì, bí àpẹẹrẹ) mọ́ àwọn tó ń lo CPU. Ẹ wá wọn:

`ps -eo state,pid,comm | grep '^D'`

Lẹ́yìn náà, `sudo apt install sysstat` (inú rẹ̀ ni `pidstat` wà), kí ẹ wá ṣe `sudo pidstat -d 1`. Èyí tó ń kọ nǹkan sí dísìkì jù á hàn.

Èsì míì: `vmstat 1 5` náà dára, ẹ wo òpó `b`, iye ètò tó ń dúró de dísìkì. Ẹ fo ìlà àkọ́kọ́ o, ìpíndọ́gba láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti tàn nìyẹn.