Ẹ gbà mí o, mo padà sídìí Yu-Gi-Oh lórí fóònù, àlùbami ni wọ́n ń lù mí

Ọkọ Bísí
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tèmi. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí lóru, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi kò bá tò.

Àwa tí a ka prámárì l'Ékòó láyé ìjọ́sí, ẹ rántí káàdì Yu-Gi-Oh tí àwọn ìyá onígúgúrú máa ń fi okùn so kọ́ lẹ́nu géètì iléèwé. Ayédèrú ni gbogbo ẹ̀. Sípẹ́lì ibẹ̀ kò tọ̀nà, káàdì ọ̀hún kì í sì í le, ṣùgbọ́n ta ló bìkítà? Ní gbogbo kíláàsì wa, èmi nìkan ni mo ní Blue-Eyes, káàdì dírágónì yẹn, méjì. Ọ̀rẹ́ mi kan jí ọ̀kan, ó sẹ́ kanlẹ̀, títí dòní a kì í fi gbogbo ẹnu kí ara wa. Tíṣà gba ìyókù, ó ní tí a bá ti parí táàmù òun á dá a padà. A parí táàmù o. A tilẹ̀ parí iléèwé.

Àìpẹ́ yìí ni mo wá rí i pé ó ti wà lórí fóònù, Master Duel ni wọ́n ń pè é. Mo ní, ayé mi ti dáa! Mo to dẹ́ẹ̀kì mi bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tò: Blue-Eyes, Dark Magician, Summoned Skull, Mirror Force. Ẹ wá wo ohun tójú mi ń rí. Ẹni tí a jọ ń ta á yóò pe mọ́ńsítà kan, ọ̀kan yẹn yóò pe méjì, méjì yóò wọ ibojì (ibi tí káàdì tí a ti lò ń lọ), wọn yóò tún jáde láti ibojì. Màá dìde lọ bu omi mu, màá dé, kò tíì ṣe tán. Tó bá wá kàn mí, gbogbo ohun tí mo bá fọwọ́ kàn, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Ṣé eré nìyẹn? Ọmọ ọdún 17 ni àbúrò ìyàwó mi, ó ń dúró sẹ́yìn mi, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín nínú ilé mi.

Ìbéèrè mi kò pọ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n fi ra Gems, owó inú géèmù, kí n lè máa já pack (àpò káàdì) sí i, àbí kí n kúkú pa géèmù yìí rẹ́?

Màmá Adé
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Lórí àwòrán! Ọkọ Bísí, ṣé gáàsì wà nílé? Whot làwa mọ̀ ní tiwa: pick two, suspension, general market, ó parí, kálukú á lọ sùn. Kò sẹ́ni tí ń jáde láti ibojì nínú Whot.

Ọkọ Bísí
Mà, gáàsì wà nílé. Mo ra á lọ́jọ́ Ẹtì.

Kúnlé Alákáàdì
Bọ̀ọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin ló jìnnà síbi tí ọ̀rọ̀ dé. Nígbà tí ẹ ń ta á, nínú àwọn irú mọ́ńsítà àkànṣe, Fusion àti Ritual nìkan ló wà. Synchro dé ní 2008, Xyz ní 2011, Pendulum ní 2014, Link ní 2017. Ọdún 2014 yẹn náà ni wọ́n yí òfin padà, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ kò ní fa káàdì. Káàdì 15 lè wà ní Extra Deck yín (dẹ́ẹ̀kì kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ tò), ẹ ò dárúkọ ẹyọ kan nínú wọn. Ìràwọ̀ méje ló wà lórí Dark Magician, mẹ́jọ ló wà lórí Blue-Eyes. Pẹ̀lú ìràwọ̀ tó pọ̀ tó yẹn, mọ́ńsítà méjì lẹ máa kọ́kọ́ fi rúbọ kí ọ̀kan nínú wọn tó jáde. Ta ló máa káwọ́ gbera dúró dè yín?

Kí n tó sọ̀rọ̀ Gems, ẹ sọ fún mi: rank (ipò) wo lẹ wà? Kí ló kù nínú àpò káàdì yín? Ṣé ẹ ti ta Solo Mode, níbi tí èèyàn ti ń ta á lóun nìkan?

Ajíhìnrere Ayọ̀
Arákùnrin, ibojì tí ẹ ń kà yẹn, pípe ẹ̀mí tí ẹ ń kà yẹn, ṣé kò ṣe yín ní nǹkan kan? A ti kìlọ̀ fáwọn òbí nípa káàdì yìí látọjọ́ pípẹ́. Ẹ pa á rẹ́ kí ẹ gbàdúrà.

Táíwò Peckham
Háà, Ajíhìnrere, irú yín ló fa tèmi. Ojúlówó ni tèmi o, kì í ṣe tonígúgúrú. Owó tí wọ́n ń fún mi fún oúnjẹ ọ̀sán ni mo fi ń ra á ní Rye Lane, ebi á máa pa mí títí ilé. Màmá mi ti ìṣọ́ òru dé lọ́jọ́ kan, wọ́n ní wọ́n ti sọ pé ẹ̀mí òkùnkùn wà nínú àwòrán yẹn. Wọ́n kó gbogbo fáìlì mi sínú bíìnì, wọ́n da omi fọ abọ́ lé e lórí kí n má baà lọ ṣà á. Ní báyìí mo máa ń rí iye tí wọ́n ń ta irú àwọn káàdì yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò tíì lè sọ fún wọn. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Ajíhìnrere Ayọ̀
Ìyá yín fẹ́ràn yín ni.

Táíwò Peckham
Mi ò sọ pé wọn ò fẹ́ràn mi. Mo ní wọ́n da omi fọ abọ́ lé e.

Ṣọlá Ìbàdàn
Ọkọ Bísí, ẹ fi Master Duel sílẹ̀, ẹ lọ sí Duel Links, géèmù Yu-Gi-Oh míì lórí fóònù. Fún irú yín ni wọ́n ṣe ìyẹn. Ààyè mọ́ńsítà mẹ́ta péré, dẹ́ẹ̀kì káàdì 20 sí 30, LP (ẹ̀mí tí èèyàn fi ń ta á) 4000 bíi ti kàtúùnù, kì í ṣe 8000. Wàrà-wàrà ó ti parí.

Kúnlé Alákáàdì
Ṣọlá, o ti pẹ́ tí o ti dé ibẹ̀. Synchro àti Xyz ti wọ Duel Links tipẹ́. Wọn yóò lu bọ̀ọ̀dá níbẹ̀ náà.

Ṣọlá Ìbàdàn
Wọn yóò lù wọ́n, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́. Ìyàtọ̀ wà nínú kí wọ́n lù ẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì àti kí wọ́n lù ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú.

Dàpọ̀
Ohun tí bọ̀ọ̀dá nílò ni káàdì tí èèyàn ń jù láti ọwọ́ nígbà tó kan ẹlòmíràn. Ẹ wá Maxx "C" àti Ash Blossom. Ẹ ju Maxx "C" sílẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹni tí ẹ jọ ń ta á bá ti ṣe Special Summon (pípe mọ́ńsítà lọ́nà àkànṣe) láàárín ìyẹn, ẹ ó máa fa káàdì kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra ẹ̀ á dá ọwọ́ dúró. Wọ́n ti fòfin dè é nínú káàdì gidi tí a ń fọwọ́ mú ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ìyẹn á jẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe burú tó. Ash Blossom ní tiẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mú káàdì láti inú dẹ́ẹ̀kì, á sọ fún un pé rárá.

Wálé Akọ́mọlédè
Maxx "C" àti Ash Blossom, bọ̀ọ̀dá. Ẹ má wulẹ̀ ra nǹkan míì.

Màmá Adé
Ẹ ò jẹ́ kó lọ sùn. Òwúrọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ máa bá wa jà.

Ọkọ Bísí
Dàpọ̀, ṣé èyí tí wọ́n ya aáyán sí lára ni Maxx "C"? Èkejì ni ọmọbìnrin kékeré tó dà bí iwin? Wọ́n wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta. Mo ti fọ́ wọn. Èmi? Kí n gbé aáyán dání, kí n ní mò ń bá èèyàn jà? CP (pọ́ìǹtì tí èèyàn ń rí tó bá fọ́ káàdì) tí mo rí níbẹ̀ ni mo fi ṣe àwọn dírágónì mi, wọ́n sì ń dán yinrin.

Kúnlé, Platinum ni mo wà.

Dàpọ̀
Yéè! Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà!

Kúnlé Alákáàdì
Ẹ dúró ná. UR (káàdì tó ṣọ̀wọ́n jù) tí ẹ bá fọ́, CP 10 ló ń mú wá, ẹ sì nílò 30 láti ṣe ọ̀kan. Ẹ fọ́ mẹ́ta kí ẹ tó rí ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Báwo lẹ ṣe dé Platinum pẹ̀lú Summoned Skull? Rookie lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, á gba Bronze, Silver àti Gold kọjá. Ẹ sì ní ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lù yín.

Ọkọ Bísí
Ibẹ̀ ló wà nígbà tí mo rà á.

Kúnlé Alákáàdì
Nígbà tí ẹ ra kí ni?

Ọkọ Bísí
Àkáǹtì náà. Arákùnrin kan lórí Telegram ló tà á fún mi. Ó ní káàdì pọ̀ níbẹ̀ ju ohun tí mo lè rí lọ́dún kan lọ. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ọkọ̀ tokunbo tí ẹ ń wà kiri, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jókòó sídìí ẹ̀?

Dàpọ̀
Ó tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lù yín! Àwọn tí rank wọn súnmọ́ tiyín ni géèmù ń wá fún yín. Àwọn tí kì í sùn lẹ ń bá ta.

Kúnlé Alákáàdì
Bọ̀ọ̀dá, ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ kan ra Gems. Ta ló ni ímeèlì tó wà lórí ID tí wọ́n so àkáǹtì náà mọ́? Ṣé tiyín ni àbí tirẹ̀? Òfin géèmù náà kò gbà kéèyàn ta àkáǹtì. Ẹni tí ID wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ṣe Data Transfer sórí fóònù míì nígbàkígbà, tòun ti Gems tí ẹ bá fi owó yín rà. Kò sẹ́ni tí ẹ máa lọ bá.

Ọkọ Bísí
Tirẹ̀ ni. Ó ní òun máa yí i padà sí tèmi tí mo bá san ìdajì tó kù. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ó máa ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n.

Màmá Adé
Ìdajì tó kù! Èló ni àkọ́kọ́? Ẹ wò ó, mo ti ní kí o lọ sùn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ajíhìnrere Ayọ̀
Mo sọ ọ́.

Táíwò Peckham
Kí lẹ sọ? Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí òkùnkùn lẹ sọ. Ọ̀rọ̀ 419 la wà yìí.

Kúnlé Alákáàdì
Ẹ jẹ́ ká ran èèyàn lọ́wọ́. Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣí tuntun lórúkọ ara yín. Wọ́n máa ń fún ẹni tuntun ní Gems, Solo Mode náà ń fún èèyàn, ẹ ó sì kọ́ Synchro àti Link níbẹ̀ láìsí ẹni tó ń lù yín. Gems 500 ni Structure Deck (dẹ́ẹ̀kì tí wọ́n ti tò sílẹ̀) kan, ẹ lè ra irú kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Tí ẹ bá ta ku lórí Blue-Eyes, kò burú, òun ló gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 2016, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú Summoned Skull. Ẹ ṣe SR kan (ìpele tó tẹ̀lé UR) nínú ẹbí Blue-Eyes, Secret Pack wọn, àpò káàdì tiwọn tó wà ní títì tẹ́lẹ̀, á ṣí fún wákàtí 24. Gems 100 ni pack kan, káàdì mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti já a, kì í ṣe ibi tí gbogbo ayé ti ń já tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, tí aáyán bá jáde, ẹ má fọ́ ọ.

Ṣọlá Ìbàdàn
Tàbí Duel Links.

Ọkọ Bísí
Mo ti ṣí tuntun bí mo ṣe ń kà yín. Àbúrò ìyàwó mi ló fi Solo Mode hàn mí, ó ní òun ti mọ̀ látìgbà yìí pé àkáǹtì yẹn kì í ṣe tèmi, mi ò bi òun ni. Mo pe arákùnrin yẹn lẹ́ẹ̀mejì báyìí, ó ń dún, kò gbé e. Bóyá ó ti sùn. Òwúrọ̀ ni màá sọ fún un kó dá owó mi padà.

Màmá Adé
Rìsíìtì dà?