Ewúrẹ́ mẹ́rin kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàrin ọjọ́ mẹ́sàn-án: ṣé kí n ta àwọn tó kù ni?

Ìyá Olùkọ́, Ìṣẹ́yìn:

Ẹ̀yin ará wa, mo kí gbogbo yín. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, láti ìgbà náà sì ni mo ti ń sin pẹ́pẹ́yẹ àti ewúrẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé mi. Ewúrẹ́ méje ni mo ní títí di oṣù tó kọjá. Mo wá ra òbúkọ kan lọ́jọ́ ọjà, nítorí pé èyí tó wà nílé ti ń gun àwọn ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí, mo sì dà á pọ̀ mọ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Kò tó ọjọ́ mẹ́rin tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Omi ń ṣàn lójú àti nímú rẹ̀, nígbà tó yá ó di ikun tó ki tó sì ń rùn, nǹkan funfun bí èérí ògì sì bo ètè àti èrìgì rẹ̀, kí ìgbẹ́ gbuuru tó wá dé. Òun ló kọ́kọ́ kú, mẹ́ta mìíràn sì tẹ̀ lé e.

Èyí tó dùn mí jù nínú wọn ni abo dúdú kan tí iwájú orí rẹ̀ funfun. Láràárọ̀ ni í máa ń wá gbé àgbọ̀n lé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná mi, kò ní ké, yóò kàn máa wò mí títí n óo fi bu èèpo iṣu fún un. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fún mi sìn, àdéhùn wa sì ni pé bí ó bá bí méjì, ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tirẹ̀. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà tí àìsàn náà mú un, ó kọ́kọ́ ṣẹ́yún, òun náà sì kú lọ́jọ́ kejì. N kò tíì rí ẹnu sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ọ̀rọ̀ tàwọn pẹ́pẹ́yẹ yàtọ̀. Abo tó dàgbà jù tu ìyẹ́ àyà ara rẹ̀ tẹ́ ìtẹ́, ó sàba lé ẹyin mẹ́tàlá fún ọjọ́ 35 gbáko, ìgbà tó sì kó ọmọ mọ́kànlá jáde nínú òjò, tí gbogbo wọn tò tẹ̀ lé e wọ inú omi tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, èmi àti àwọn ọmọ-ọmọ mi dúró lójú fèrèsé títí òjò fi dá. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú wọn kò lè dìde mọ́ báyìí, ẹsẹ̀ wọn ń ṣẹ́ po lábẹ́ wọn. Oúnjẹ ọmọ adìẹ tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ń fún wọn.

Aládùúgbò mi kan sọ fún mi pé ọwọ́ ẹnìkan wà níbẹ̀, pé wọ́n fi ń kìlọ̀ fún mi ni. Ṣé kí n ta ewúrẹ́ mẹ́rin tó kù lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí n má baà pàdánù gbogbo rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Ìkìrun:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹni tí kò sin ẹran rí kò lè mọ bí ó ṣe ń rí téèyàn bá jí, tí kò gbọ́ ohùn tó ti mọ́ ọn létí. Mẹ́fà ló kú mọ́ èmi náà lọ́wọ́ nígbà kan, bákan náà ni ó sì ṣe ṣẹlẹ̀: ẹran tuntun ni mo mú wọlé. Láti ìgbà náà, ẹrankẹ́ran tí mo bá rà, ilé àbúrò mi tí kò sin nǹkan kan ló ń lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó tó fojú kan tèmi. Abọ́ omi tirẹ̀ lọ́tọ̀, okùn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà wa dáhùn ìyókù.

Dókítà ẹran kan, Abẹ́òkúta:

Ìyá mi, ẹ kú àmúmọ́ra. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà láìfojú rí ẹran, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ júwe yìí, láti orí ikun imú dé orí nǹkan bí èérí ògì tó wà lẹ́nu àti oyún tó ṣẹ́, bá àrùn tí àwọn àgbà onísìn máa ń pè ní kátà mu, èyí tí àwa ń pè ní PPR. Kòkòrò àrùn tí ojú kò lè rí ló ń fà á. Ó máa ń bá ewúrẹ́ àti àgùntàn jà, kì í ran ènìyàn, kì í sì í ran pẹ́pẹ́yẹ. Inú ikun, itọ́ àti ìgbẹ́ ẹran tó ń ṣàìsàn ló ń gbà ràn, nítorí náà ibi tí ẹran láti oríṣiríṣi agboolé ti pàdé, bí ọjà, ni ó ti máa ń tàn kálẹ̀ jù. Òbúkọ yẹn ti kó o kí ẹ tó rà á. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín dá ìjà sílẹ̀ láàrin ẹ̀yin àti ẹnikẹ́ni.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ta àwọn tó kù nísinsìnyí. Mo mọ̀ pé owó tó wà lára wọn kò kéré, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín, ṣùgbọ́n bí àrùn bá ti wà lára ọ̀kan nínú wọn, tí kò sì tíì hàn, ilé ẹlòmíràn ni yóò gbé e lọ, bí ẹni tó ta òbúkọ fún yín ṣe ṣe, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ẹ dè wọ́n sílé, ẹ máa já ewé ìyeyè àti ewé agúnmánìyè fún wọn, kí ẹ gbá ilé wọn, kí ẹ sun ohun tí wọ́n ti ń sùn lé, kí ẹ sì jẹ́ kí oòrùn wọ ibẹ̀ dáadáa, nítorí kòkòrò yìí kì í pẹ́ láyé nínú oòrùn. Èyí tó bá ṣàìsàn tó sì yè é kì í sábà ní in mọ́ títí ayé rẹ̀.

Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Oògùn tí a ń fún ẹran nígbà náà, àwọn àrùn mìíràn tó bá a wọlé ló ń bá jà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò tó wà. Ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, ń ṣe é, irú kòkòrò tí a sì sọ di aláìlágbára láti fi ṣe é, ara ewúrẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n ti rí i ní 1975. Òun ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò títí di òní. Ẹ̀ẹ̀kan tí a bá gún un, ó tó fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ṣùgbọ́n inú òtútù ló gbọ́dọ̀ wà láti ilé iṣẹ́ dé ẹ̀yìnkùlé yín. Ẹni tó bá gbé e wá nínú àpò lásán, omi ni ó ń tà fún yín.

Bàbá Àgbẹ̀, Ṣakí:

Ìyá Olùkọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ni mo fẹ́ fèsì sí. Ní ilé tiwa, ẹni tí a fún ní ẹran sìn kì í san ẹran tó kú láìsí ìwà àìbìkítà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kíákíá, kí olówó ẹran má baà gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìdákẹ́ yín ni yóò dùn ún ju ewúrẹ́ lọ. Ẹ lọ bá a lójúkojú, ẹ má pè é lórí fóònù.

Olùsìn pẹ́pẹ́yẹ kan, Ìkòròdú:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mọ̀mí. Oúnjẹ ni ẹsẹ̀ àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ yẹn ń bèèrè. Fítámì kan wà tí wọ́n ń pè ní niacin, ohun tí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ nílò nínú rẹ̀ ju ti ọmọ adìẹ lọ, oúnjẹ ọmọ adìẹ kì í sì í sábà tó wọn. Ẹ ra fítámì B alápapọ̀ tí wọ́n ń pò sínú omi ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran, kí ẹ máa fún gbogbo wọn bí ìwé ara rẹ̀ bá ṣe sọ, kì í ṣe àwọn mẹ́ta yẹn nìkan. Bí ẹ bá tètè bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn a máa dìde. Èyí tí egungun rẹ̀ bá ti wọ́ kì í sábà tọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí abọ́ omi wọn jìn tó kí wọ́n lè ki imú bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí wọ́n má baà rì.

Ẹ ya ilé wọn kúrò lọ́dọ̀ ewúrẹ́ pẹ̀lú. Pẹ́pẹ́yẹ a máa sọ omi di ẹrẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ewúrẹ́ kò sì fẹ́ràn omi ìdọ̀tí. Ní ti oúnjẹ pẹ́pẹ́yẹ, bí ewúrẹ́ bá rí àyè jẹ ẹ́ yó, inú rẹ̀ a wú, ó sì lè kú kí ẹ tó rí ẹni pè.

Ìyá Olùkọ́, Ìṣẹ́yìn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. N kò ní lọ sí ọjà mọ́. Mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lánàá. Ó sunkún díẹ̀, ó sì ní kí n sinmi, pé òun ti ń fura nígbà tí n kò dárúkọ ewúrẹ́ náà nínú ọ̀rọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta náà dìde ní òwúrọ̀ yìí, ó rìn dé ibi abọ́, ó sì jókòó.

Dókítà, ìbéèrè kan kù. Oyún wà nínú ọ̀kan lára àwọn mẹ́rin tó kù. Ṣé a lè gún un ní abẹ́rẹ́ náà?

Dókítà ẹran kan, Abẹ́òkúta:

Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Abẹ́rẹ́ yìí kì í ba oyún jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá láìsí èyí tó sín láàrin wọn, kí ẹ sì pe dókítà ẹran tó wà nítòsí yín kó wá gún gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ọmọ tí yóò bí, ẹ dúró títí wọn yóò fi tó oṣù mẹ́rin.